Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Wọ́n Ti Tún Ilé Yín Ṣe Rí Nítorí Ilẹ̀ Tó Rì

Kì í ṣe gbogbo onílé ló mọ ìtàn ilé ara rẹ̀. Ẹlòmíràn jogún ilé tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ kí wọ́n tó bí i, ẹlòmíràn sì ra ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí gbogbo ara rẹ̀ ń dán. Òjò rọ̀ lọ́dún kejì, ọ̀dà bó lẹ́bàá fèrèsé, sìmẹ́ńtì tó yọ lábẹ́ rẹ̀ kò sì jọ ti ibi tó kù. Ẹnìkan ti dí nǹkan síbẹ̀ nìyẹn. Kí ló dí? Nígbà wo? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ṣé ohun tó mú ògiri sán nígbà náà ti dáwọ́ dúró, àbí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀?

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ń gbé irú ìbéèrè yìí lọ wà. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ jókòó lé ihò tí wọ́n ti wa èédú, ilẹ̀ orí ihò bẹ́ẹ̀ sì lè rì. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Mining Remediation Authority, èyí tí wọ́n ń pè ní Coal Authority títí di ìparí ọdún 2024, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lè sanwó kí wọ́n sọ fún un bóyá ẹnikẹ́ni ti béèrè fún àtúnṣe tàbí owó gbà-má-bínú lórí ilé náà, tàbí lórí ilé tó wà láàárín mítà 50 sí i, láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1994. Tí ọmọ yín bá fẹ́ ra ilé ní Newcastle, ẹ ní kó béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀, kó má kàn máa wo ẹwà kíṣìnnì.

Ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ àti ẹnu la fi ń wá a. Kò sí èédú lábẹ́ wa. Ẹ̀núgù ni wọ́n ti rí ìyẹn ní 1909. Òkúta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ tiwa. Ohun tí wọ́n ń wà níbí kò jìn sílẹ̀: ilẹ̀ pupa tí tipa ń kó lọ sójú ọ̀nà, yanrìn etí odò, amọ̀ tí àwọn baba wa fi mọ ilé, òkúta tí wọ́n ń fọ́ fún gíránáìtì. Wọ́n wà á tán, kòtò kù. Àwọn aládùúgbò sọ kòtò di ààtàn. Nígbà tí ìlú fẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n da tipa yẹ̀pẹ̀ mélòó kan lé ààtàn lórí, ó di púlọ́ọ̀tì, wọ́n tà á. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kàn dà, tí wọn ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, lè máa sọ̀ kalẹ̀ fún ọdún púpọ̀, pàápàá tí pàǹtí abẹ́ rẹ̀ bá ń jẹrà. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ilé tí ìdajì rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gidi, tí ìdajì kejì wà lórí kòtò: apá kan dúró, apá kejì ń lọ, àárín ilé á sì já. Ẹ fi ṣáláńgá àtijọ́ àti kànga tí wọ́n dí kún un. Yàrá tí wọ́n fi kún ẹ̀yìn ilé lè wà lórí ṣáláńgá, kí gbogbo ẹni tó mọ̀ sì ti kú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àjà

Ojú ògiri tí ẹ ń wò lójoojúmọ́ ni wọ́n ti fi píláàsítà àti ọ̀dà bò. Ẹ gba òkè lọ. Kò sẹ́ni tó ń kun ọ̀dà fún eku wò. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yọ páálí àjà kan ní igun ilé, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, igi nìkan ni kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ má tẹ páálí o. Lókè níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù sábà máa ń wà ní ìhòòhò. Ẹ wo ibi tí ògiri méjì ti pàdé, ẹ wo òkè fèrèsé. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí ibi tó sán kì í jọ èyí tí wọ́n fi to búlọ́ọ̀kù. Àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀, wọ́n á sì ti pa á kọjá etí búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá igi tí òrùlé gùn lé lórí ògiri. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ki pákó wẹ́wẹ́, ègé méjì-mẹ́ta, sí àárín igi yẹn àti ògiri, ó ṣeé ṣe kí ògiri ti lọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí òrùlé dúró, kí káfíńtà sì wá fi igi dí àlàfo. Bíríkìlà lè fi ọ̀dà bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Káfíńtà kì í rántí bo tirẹ̀.

Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo orí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: èyí tí wọ́n ti fá ní ìhà kan, tí orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀, ó ti há rí nítorí férémù rẹ̀ wọ́. Ẹ wo táìsì ilẹ̀ bóyá ìlà kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti yòókù mu. Ẹ fi ìka kan ògiri káàkiri: ibi tó bá ń dún kọ́kọ́kọ́ le dáadáa, ibi tó bá ń dún bòm̀bòm̀ ti ṣófo lábẹ́ píláàsítà. Ní ìta, ẹ wo ẹsẹ̀ ilé. Òpó kọnkéré tó fara ti ògiri láìgbé nǹkan kan rù, tàbí kọnkéré tó nípọn tí wọ́n dà yí ìdí ilé ká ní ìhà kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ ka ìlà tó sán

Kì í ṣe gbogbo ìlà ara ògiri ló ń jẹ́ ilẹ̀ rírì. Èyí tó tín-ín-rín, tó fọ́n káàkiri ojú píláàsítà, gbígbẹ sìmẹ́ńtì ló sábà máa ń fà á. Ti ilẹ̀ máa ń dagun: ó máa ń ti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn gbéra, ó ń gun ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ó máa ń fẹ̀ ní ìkángun kan ju ìkejì lọ, ẹ ó sì rí i nínú ilé àti níta. Lórí ìwọ̀n tí Building Research Establishment ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń lò káàkiri, ìlà tí kò ju mílímítà 1 lọ kò tó nǹkan. Títí dé 5 ṣì kéré. Láti 5 sí 15 ti ń di ọ̀rọ̀. 15 sí 25 burú. Èyí tó bá ju 25 lọ, kí ẹ tó wọn òmíràn, ẹ kó àwọn èèyàn kúrò ní ìhà ilé yẹn ná, kí ẹ sì pe ẹnjiníà.

Èyí tí ẹ ń wá gan-an ni ìlà tó tún la ojú àtúnṣe kọjá. Tí ibi tí wọ́n dí bá ṣì dì pọ̀, tí kò tún sán lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti parí rírì rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe, àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dí i lẹ́ẹ̀mejì, tí sìmẹ́ńtì oríṣi méjì wà nínú ihò kan náà, tó sì tún lanu, ohun tó fà á kò tíì lọ.

Ẹ bi àwọn tó ti wà níbẹ̀

Ẹ má gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ilé tó sán. Ojú á ti àgbà láti sọ pé ilé yín kò dára. Ilẹ̀ ni kí ẹ béèrè. “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ ti wà ládùúgbò yìí kí a tó dé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń fi ibi tí ilé wa wà yìí ṣe tẹ́lẹ̀?” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó, kí ẹ sì dákẹ́. Ìyá tó bá dáhùn pé, “Ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi? Tipa ló ń wa ilẹ̀ níbẹ̀, omi òjò á dúró, àwọn ọmọ á máa lúwẹ̀ẹ́,” ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí olówó ńlá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe, ọdún kì í sábà yé àwọn àgbà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń rántí. Ẹ béèrè bóyá ó ṣáájú omíyalé Ògùnpa 1980 tàbí ó tẹ̀ lé e, àti bóyá ó ṣáájú omíyalé oṣù kẹjọ 2011 tàbí ó tẹ̀ lé e. Tí ilé bá wà ní Bódìjà tàbí àyíká rẹ̀, ẹ béèrè nípa ìbúgbàù alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, èyí tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ tọ́jú sílé ló fà á. Ilé púpọ̀ sán lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti tún àwọn kan ṣe. Àtúnṣe irú ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ń rì.

Ẹ wá àwọn ayálégbé tó ti kó jáde àti bíríkìlà tó máa ń ṣiṣẹ́ fún lànlọ́ọ̀dù àtijọ́ pẹ̀lú. Bíríkìlà máa ń rántí ilé tó fún un ní wàhálà.

Ìwé àti àwòrán láti òkè

Ẹ fi pílánù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí wé ilé tó wà nílẹ̀. Òpó tàbí bíìmù tí kò sí nínú pílánù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló dé. Tí pílánù bá ti sọnù, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́. Ti sọ́fè, ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì Àgódi ni ẹ ó gbà lọ.

Google Earth orí kọ̀ǹpútà ní ibi tí ẹ ti lè wo àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó ṣí sílẹ̀, tí ojú ọ̀nà tipa wọ inú rẹ̀, tàbí omi tó dúró sójú kan níbi tí kò sí odò: kòtò nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà lára sọ́fè wa sábà máa ń nílò ìyípadà kó tó bá ti Google Earth mu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ bá yín fi ojú púlọ́ọ̀tì yín hàn gan-an.

Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó walẹ̀

Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá ìkángun méjèèjì ibi tó sán, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ fi sìmẹ́ńtì lẹ ègé dígí tín-ín-rín dábùú àárín rẹ̀. Bí ògiri bá rìn, dígí á fọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kọjá, nítorí amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, á sì sún kì tó bá gbẹ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò tíì wọ̀n ọ́n.

Wíwa ilẹ̀ lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn, iṣẹ́ ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì ni. Ẹ má fi sílẹ̀ fún bíríkìlà nìkan, ẹ má sì ṣe é nígbà òjò. Kòtò kékeré kan ní igun tó sán ti tó. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá kọnkéré mìíràn wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n dà ní ègé-ègé. Àmì pé wọ́n ti sọ ìpìlẹ̀ di jíjìn sí i nìyẹn. Ẹ wo yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde pẹ̀lú. Ọ̀rá, ìgò, àfọ́kù táìsì àti èérú nísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ fi hàn pé ààtàn ni wọ́n kọ́lé lé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá fi hàn pé ilẹ̀ ṣì ń lọ, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà: páìpù tó ń jò, sọ́ọ̀kẹ́wé tó sún mọ́ ògiri jù, omi òrùlé tó ń dà sídìí ilé. Lẹ́yìn náà ni ìpìlẹ̀, lọ́nà tí ẹnjiníà bá là sílẹ̀, ní ègé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ilé má baà dúró lórí afẹ́fẹ́. Píláàsítà àti ọ̀dà ló kẹ́yìn, bó ti wù kí àlejò tó ń bọ̀ wá kí yín pọ̀ tó.

Tí kò bá sì rìn mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó fọ́tò, déètì, ìwé ẹnjiníà àti ohun tí àwọn aládùúgbò sọ sínú fáìlì kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé náà, ẹ fún lọ́yà yín ní ẹ̀dà rẹ̀ kó tó kọ ìwé, kí ẹni tó ń rà á sì buwọ́ lù ú pé òun ti rí i.