Bí ẹ bá ń wáṣẹ́ olùwádìí ní yunifásítì
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ ti gboyè ọ̀mọ̀wé, físíìsì ni o, kẹ́mísìrì ni o, ẹ gbọ́ ná. Tí yunifásítì ìlú òyìnbó bá ń wá olùwádìí, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ní ó pọn dandan. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀rí sábẹ́ rẹ̀: ẹ̀rọ wo lẹ lò, ìwádìí wo lẹ tẹ̀ jáde. “Mo lè ṣe é” lásán ò tó, torí kókó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fún ní máàkì. Ẹ tètè sọ fún àwọn tó máa jẹ́rìí yín, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé ìwáṣẹ́ kẹ́yìn (ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló máa ń ráyè?). Ẹ ṣọ́ aago tí wọ́n máa ti ìwáṣẹ́ náà o: láti òpin oṣù kẹta dé òpin oṣù kẹwàá, 23:59 ti Jámánì, 22:59 ni lọ́dọ̀ wa.