Ta ló máa fún ajá yín lóńjẹ tí ẹ ò bá sí mọ́? Bí ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀ nìyí

Màmá kan wà ní àdúgbò wa ní Ṣágámù, ajá kan ṣoṣo ló ń bá a gbé látìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti ìlú òyìnbó. Ọjọ́ tí màmá yẹn jáde láyé, ilé kún fọ́fọ́, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń gbé kánópì, àwọn kan ń ṣèpàdé lórí aṣọ tí wọ́n máa dá, wọ́n wá ní kí wọ́n so ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé kó má lọ bu àlejò jẹ. Ẹni tó so ó rò pé ẹlòmíì á fún un lóńjẹ, ẹlòmíì náà rò pé ẹni tó so ó ti fún un. Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ igbe ẹ̀ látẹ̀yìn fẹ́ǹsì, omi gan-an ò sí níwájú ẹ̀. Mo gbé ike omi kan lọ bá a, ó mu ún tán kò gbórí sókè, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Kò sí ìkà nínú àwọn ọmọ màmá o, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Màmá ò kàn sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni ni.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí n má fẹnu pe ikú. Ṣùgbọ́n ṣebí a máa ń dá owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ torí ìnáwó òkú, a sì ń ra ilẹ̀ pamọ́ fún ọmọ, kò sẹ́ni tó sọ pé ìyẹn ń pe ikú. Ẹ̀mí tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé wọlé náà yẹ kó ní ètò tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye ọdún tó ṣẹ́ kù fún un. Ajá sábà máa ń lo ọdún 10 sí 13, ológbò tó ń gbé inú ilé lè tó 15 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tí ẹ ń rí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn lè lo ọdún 25 sí 30. Odídẹrẹ́ ńkọ́? Ó lè lo ọdún 40, ó lè tó 60, ahun náà ò kánjú kú. Tí ẹ bá ti lé ní 50 ọdún tí odídẹrẹ́ kékeré sì wà nílé yín, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa, ó ṣeé ṣe kó sìnkú yín, torí náà ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ kéré sí yín lọ́jọ́ orí dáadáa.

Ẹ wá yan èèyàn. Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni méjì lẹ nílò. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó wà nítòsí, tó lè dé ilé yín láàárín wákàtí mélòó kan, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ajá ò níí gbó mọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju pé kó fún un lómi àti oúnjẹ títí wàhálà ìsìnkú á fi rọlẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí tí wọ́n máa sin òkú lọ́jọ́ yẹn gan-an tí èrò ò sì níí tán nílé títí di fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹnì kejì ni ẹni tó máa mú un lọ pátápátá. Ọmọ yín tó wà ní Kánádà fẹ́ràn ajá yẹn lórí fídíò, mo gbà, ṣùgbọ́n kò lè gbé abọ́ oúnjẹ síwájú ẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ bi wọ́n lẹ́nu o, ẹ má rò ó sọ́kàn lásán. Ṣé láńdílọ́ọ̀dù gba ajá nílé tó ń gbé? Ìyàwó ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n fọwọ́ sí i? Àwọn Mùsùlùmí kan ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn torí ìrun, ẹ má fipá gbé e fún wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ sì bi í ní tààràtà pé tọ́wọ́ bá há, ṣé ò níí tà á fún àwọn tó ń pa ajá jẹ tàbí fún ẹni tó ń wá ohun tó máa fi bọ Ògún. Mi ò bá ẹlẹ́sìn kankan jà, àmọ́ ajá tó ti ń sùn lẹ́sẹ̀ yín láti ọdún mẹ́jọ ò yẹ kó débẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tí ò dáhùn, ẹ wá ẹlòmíì. Tí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni rárá, ẹ bá dókítà ẹranko yín sọ̀rọ̀, wọ́n sábà máa ń mọ àwọn tó ń wá ajá tọkàntọkàn.

Tó bá ti gbà, ẹ mú bébà kan, ojú kan ṣoṣo ti tó. Ẹ kọ orúkọ ẹranko yín, ọjọ́ orí ẹ̀, ohun tó ń jẹ àti àsìkò tó ń jẹ ẹ́, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbẹ̀yìn, nọ́ńbà dókítà ẹranko ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ò gbọ́dọ̀ jẹ pẹ̀lú, torí èèyàn lè fàánú bu ìkọ́kọrẹ́ sí i, àlùbọ́sà inú ẹ̀ sì burú fún ajá àti ológbò, ṣokoléètì náà burú fún wọn. Tó bá ń bẹ̀rù ààrá tàbí nọ́káòtù ọdún, ẹ kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń fi pè é, ẹ kọ ìyẹn náà, torí ajá tí wọ́n ń fi èdè Ìjẹ̀bú pè láti kékeré tí ẹnì kan wá ń fi òyìnbó bá sọ̀rọ̀, ìdààmú ni fún un. Ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì lórí WhatsApp. Ẹ má tì í mọ́nú àpótí o, kí ẹbí tó rí kọ́kọ́rọ́ àpótí, ebi á ti pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ṣágámù sí Bẹ́nìnì tàbí Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, ẹ fi bébà kékeré kan sínú pọ́ọ̀sì: ajá wà nílé mi, ẹ pe nọ́ńbà báyìí báyìí. Ó wúlò fún ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró sí ọsibítù náà.

Owó ló kàn. Lábẹ́ òfin, ẹrù ni ẹranko jẹ́, bí àga àti tábìlì, kò lè jogún owó. Torí náà tí ẹ bá ń ṣe ìwé ìhágún, ẹ fi ajá fún èèyàn lórúkọ, kí ẹ sì fi owó ìtọ́jú ẹ̀ fún ẹni yẹn kan náà, kí lọ́yà kọ ohun tí ẹ fẹ́ kó fi ṣe. Ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó máa gba ajá àti owó yẹn, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, wà lára wọn, torí ẹlẹ́rìí lè pàdánù ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Àmọ́ kóòtù ò níí parí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn lọ́sẹ̀ kan, bánkì náà á ti àkáǹtì yín pa tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ ò sí mọ́. Ẹ ka iye tí ẹ ń ná lé e lórí lóṣù kan, oúnjẹ, abẹ́rẹ́, oògùn aràn àti ti eégbọn, ẹ wá kó owó oṣù 3 ó kéré tán fún ẹni yẹn nísinsìnyí tàbí fún ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán. Tí ẹ ò bá níí ṣe ìwé ìhágún, ẹ sọ ọ́ lójú àkọ́bí yín àti olórí ẹbí lọ́jọ́ ìpàdé, kí etí púpọ̀ gbọ́, torí àwọn ló máa pín ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọra. Kí ajá lọ sùn lọ́dọ̀ wọn fún alẹ́ kan tàbí méjì nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò. Ilé gan-an ni ológbò máa ń fà mọ́, tí wọ́n bá kó o lọ, kí wọ́n fi í sínú yàrá kan ṣoṣo fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè sá padà wá sílé tí kò sẹ́nì kankan mọ́. Odídẹrẹ́ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ lè máa fẹnu tu ìyẹ́ ara ẹ̀, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má rò pé àrùn lásán ni. Aṣọ yín kan tí ẹ ò tíì fọ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí ajá á máa sùn.

Lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ yọ bébà yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ẹ tún un kọ, ẹ pe àwọn méjèèjì, ẹ bi wọ́n bóyá nọ́ńbà wọn ò tíì yí padà, bóyá wọ́n ṣì wà nítòsí. Tí ẹnì kan bá ti kó lọ sí Àbújá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì.