Bí A Ṣe Ń Yan Ìlẹ̀kẹ̀ Ọwọ́ Olókùúta Tó Ń Kọ Mànà

Ẹ má ra òkúta tó ń kọ mànà lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Èyí ni mo fi ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Iná funfun tí ọlọ́jà tàn sórí ọjà rẹ̀ lè mú kí àfọ́kù ìgò dán bí ohun tí wọ́n ń tò sí adé l'Ẹ́fọ̀n-Alààyè. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ fẹ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí oòrùn rí i. Bí kò bá gbà, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kí ẹ máa lọ. Ọjà Ọba l'Adó kò kéré tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé jù ni labradorite, moonstone àti opal. Labradorite rí bí eérú tí omi ta sí, àfi tí ẹ bá yí i tí àwọ̀ aró tàbí ti wúrà bẹ́ jáde lójijì. Moonstone dà bí omi ògì tó tòrò, ìmọ́lẹ̀ kan a máa rìn nínú rẹ̀ bí òṣùpá abẹ́ kùrukùru. Opal ló ń gbé òṣùmàrè wẹ́wẹ́ sínú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ àwọ̀ wọ̀nyí sínú wọn. Ní ti labradorite, ìpele tín-ín-rín tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára ìpele kan a pàdé èyí tó ta padà lára òmíràn, àwọ̀ kan a lágbára, àwọn yòókù a kú. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí, ìgbà tí epo ọkọ̀ bá dà sórí omi òjò níwájú ilé mẹkáníìkì.

Labrador ní Kánádà ni labradorite ti gba orúkọ, púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà lónìí sì ń ti Madagascar wá. Ẹni tó bá ní Ìjerò ni wọ́n ti wa tòun, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Tourmaline ni wọ́n ń wà ní Ìjerò, òkúta tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n kì í kọ mànà báyìí.

Ó wá kan dídán an wò. Ẹ fi ìka méjì di ẹyọ labradorite kan mú, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí rédíò wá ìròyìn. Àwọ̀ aró á bẹ́. Bí ẹ bá yí i síwájú díẹ̀ sí i, á kú pátápátá, òkúta á padà di eérú. Kíkú yẹn gan-an ni kí ẹ máa wá! Èyí tó ń dán níbi gbogbo tí kò sí igun tó ti ń sinmi, gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan bò ni, tàbí quartz tí wọ́n fi oru irin titanium bò. Quartz yẹn, òkúta gidi ni, ó sì le ju labradorite lọ. Ẹ lè rà á bó bá wù yín. Kí ẹ ṣáà má san owó labradorite lé e lórí.

Ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́. Nínú okùn labradorite gidi, bí méjìlá bá ń kọ mànà, ẹ ó rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kàn jókòó síbẹ̀ bí àna tí wọn ò kí dáadáa. Bí gbogbo wọn bá ń tan àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ iléèwé tó ń ka á, bí, dí, ẹ fura.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ihò tí okùn gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi bò ó ti máa ń bó bí kútẹ́ẹ̀sì ọlọ́sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá rí ìhó afẹ́fẹ́ róbótó kékeré nínú ẹyọ náà, gíláàsì ni. Opalite tó ń jọ orúkọ mọ́ opal, gíláàsì lòun náà: lórí aṣọ dúdú, ó ń tàn búlúù, bí ẹ bá gbé e dojú kọ oòrùn, á pọ́n bí omi ọsàn. Wọ́n ti fi tà fún èèyàn bíi moonstone níṣojú mi, obìnrin náà sì ń dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná ṣáná dán òkúta wò. Omi wà nínú opal, ooru lè là á. Ẹ má sì fi eyín gé e tàbí kí ẹ gbá a mọ́ kọ́ńkéré: labradorite àti moonstone ní ojú ibi tí wọ́n ti ń là, bí igi ìdáná, ìgbákan ṣoṣo sì tó. Gbígbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ó tutù, ike nìyẹn máa ń tú fó. Gíláàsì á tutù, á sì tàn yín jẹ.

Wíwọn ọwọ́ kò le. Ẹ fi téèpù tàbí ìdè bébà yí ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lé e. Ọwọ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16 á gba ẹyọ mílímítà 8 bíi méjìlélógún. Mílímítà 8 ni mo máa ń wọ̀. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gbá ìdí ife.

Okùn róbà mílímítà 0.8 ni mo máa ń lò, ní ìlọ́po méjì. Ẹ kọ́kọ́ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó sín ohunkóhun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gùn lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ta kókó, ẹ tún fi orí okùn gba inú kókó náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fún un. Súpà gúlúù ń mú róbà gan, á sì já. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ ti tó, ẹ kán díẹ̀ sí i, kí ẹ fa kókó wọnú ihò. Bọ́dún bá yí po, ẹ pààrọ̀ okùn, kódà bí kò tíì ṣe nǹkan kan.

Mo ti kọ́ èyí lójú odó. Mo ń gún iyán, uyán tiwa nílé, fún bàbá ọkọ mi, n kò sì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Róbà já lágbede méjì. Mo ka ogún nílẹ̀, mo rí ọ̀kan lẹ́nu odó, mo sì tan ara mi jẹ pé kò ju mọ́kànlélógún lọ látilẹ̀. Bàbá fi ìka méjì yọ ìkejìlélógún lẹ́nu, wọ́n gbé e sẹ́bàá àwo, wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó gún iyán.

Ní ti wíwọ̀, labradorite lórí ẹtù ni tèmi, torí aró ń pe aró. Moonstone yẹ sányán. Ẹ fi aago sọ́wọ́ kejì, kí òun àti òkúta má baà máa gbá ara wọn. Ẹ má sì sín in pọ̀ mọ́ iyùn: iyùn rọ̀ púpọ̀ ju òkúta wọ̀nyí lọ, wọn á fá a.

Àwọn tó ń fi òkúta wòsàn sọ pé ọwọ́ òsì ló ń gba agbára, ọ̀tún ló ń fúnni. Pé labradorite ń lé ojú burúkú, moonstone sì wà fún nǹkan oṣù obìnrin. Lọ́dún 2001, Christopher French, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní yunifásítì Goldsmiths ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ohun tó rí nígbà tó fún àwọn kan ní òkúta gidi, tó fún àwọn yòókù ní ayédèrú láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn tó di ayédèrú mú náà ń gbọ́ ooru àti ìmọ̀lára lára wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún wọn pé yóò rí. Kò ní kí n bọ́ tèmi. Bí inú bá ń bí mi lórí ìlà ní báǹkì, mo máa ń ka á lẹ́yọ lẹ́yọ. Kí n tó dé orí ìkejìlélógún, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti tutù lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lórí tábìlì, mo sì ń lò ó.

Fún fífọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ nù ún. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú pé ẹ ń yà á sí mímọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kan Hypo. Ẹ fín lọ́fíńdà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bó bá wù yín kí ẹ gbé e sábẹ́ òṣùpá gẹ́gẹ́ bí àwọn oníwòsàn ti ń ṣe, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kí ẹ ṣáà tètè kó o wọlé láàárọ̀ kí wọ́n tó tú adìẹ sílẹ̀, torí adìẹ kò mọ moonstone yàtọ̀ sí àgbàdo.