Oníbéèsì, Kí Lo Fi Ń Wọn Ara Rẹ? Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Wa

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gìtá béèsì nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ni ti ẹni tó jẹ́ òun nìkan ni oníbéèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi í wé, ni òun náà bá gbà pé òun ti dé góńgó. Bí ìsìn bá parí, àwọn ìyá ìjọ á yí i ká, wọ́n á ní, "Olúwa á túbọ̀ máa lò ọ́." Àdúrà gidi ni, ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìsìn tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n ń dúpẹ́ fún. Wọn ò gbọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ ti sáré ju ti onílù lọ, iṣẹ́ wọn kọ́ ni láti gbọ́ ọ. Má fi ìyìn yẹn wọn ara rẹ.

Onílù ló yẹ kí o bi, kí o sì mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Tí o bá ní, "Ṣé mo gbìyànjú?", á ní o gbìyànjú. Nílẹ̀ wa, ọmọ ọdún 16 tó jókòó sídìí ìlù kò ní wojú ẹ̀gbọ́n kó sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ ò dúró sójú kan." Ìwọ ni kí o ṣí ọ̀nà fún un. Bi í pé: "Nínú orin ìyìn tó kẹ́yìn, ibo ni mo ti ṣáájú rẹ? Ibo lo ti ní láti dúró dè mí?" Bó o bá bi í bẹ́ẹ̀, ó lè dáhùn láìrí ara rẹ̀ bí aláfojúdi. Má sì fajú ro tó bá sọ ọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fajú ro tí kò fi ní sọ òótọ́ fún ọ mọ́.

Má sì ṣe rò pé ẹni tó mọ nóòtì ti mọ béèsì. Béèsì onígi ńlá tí wọ́n ń gbé dúró ta kò ní fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dábùú ọrùn gìtá. Etí àti ọwọ́ ẹni ló ń wá ohùn tó tọ́. Nígbà tí Leo Fender gbé gìtá béèsì onífírẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1951, irin tó tò sí i lọ́rùn ti bá wa ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò. O ti kúrò lórí okùn A, o ti ń ta okùn D, A ṣì ń hu lábẹ́lẹ̀, ni gbogbo orin bá dàrú. Wọ́n tún yí béèsì sókè lórí ẹ̀rọ títí fèrèsé fi ń gbọ̀n, kò wá sẹ́ni tó lè mọ ohun tó o ta, àní ìwọ alára.

Eré ìka kò lè bo èyí. James Jamerson tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé-iṣẹ́ àwo orin Motown ní Detroit, l'Amẹ́ríkà, ìka kan ṣoṣo ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ló fi ń ta okùn. Okùn márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí gìtá tuntun kò sì gbé ẹnikẹ́ni kúrò ní ipò tó wà.

Fóònù rẹ lè dá ọ lẹ́jọ́ òdodo. Gba ara rẹ sílẹ̀, ìwọ àti mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ró ní ìwọ̀n kan náà láti fi tẹ̀lé orin, ní tẹ́ńpò 60, ìyẹn ìró 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Odindi ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà láàárín ìró kan àti èkejì, kò sí ibi tí èèyàn máa sá sí. Mú orin ìsìnkú kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, má mú èyí tó ń sáré. Tí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, fi íápíìsì sétí, torí okùn E láìtẹ ibì kankan ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà kékeré ara fóònù kì í gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú déètì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ta orin kan náà, kí o gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra.

Ọ̀rọ̀ kíì, ìyẹn ohùn tí a gbé orin lé, náà wà níbẹ̀. Onípíánò lè máa tẹ kíì kan ṣoṣo, kó fi bọ́tìnnì ara kíbọ́ọ̀dù gbé orin lọ sí àwọn kíì yòókù. Béèsì kò ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ orin ní G nìkan, torí pé okùn tí kò tẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, máa rí ìṣòro lọ́jọ́ tí olórin bá gbé e lọ sí A flat lóru àìsùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mú ègbè kan tó o mọ̀ bí orúkọ rẹ, ta á ní kíì 12, má lo okùn kankan tó o kò tẹ̀. Iye kíì tó bá yọrí ni ìdáhùn rẹ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń rẹ ara wọn sílẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń dùn mí. Wọn ò lè ka orin orí ìwé, ni wọ́n bá ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Bí o bá ń gbọ́ orin tó o kò gbọ́ rí, tí o sì mọ ìgbà tó kúrò ní dò lọ sí fá, tó padà gba sọ́, ìmọ̀ orin gidi lo ní.

Nítorí náà, bí olórí ẹgbẹ́ orin bá pè ọ́ láti Lọ́kọ́ja pé ìnáwó kan ń bọ̀, má sọ pé "mo mọ béèsì," má sì sọ pé "mi ò tíì mọ̀ ọ́n." Sọ fún un pé: "Ẹ̀gbọ́n, wórò àti háíláìfù, mo lè ta á ní kíì èyíkéyìí. Rẹ́gẹ̀ kò tíì dúró lọ́wọ́ mi. Tí rẹ́gẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin náà ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú."