Owó Físà Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Ọba: Bí Ẹbí Kan ní Ilé-Ifẹ̀ Ṣe Lè Múra Rẹ̀ Sílẹ̀

Ẹni tí ó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ọba sì ti gbà láti wá kàwé gboyè kejì, sábà máa ń rò pé owó nìkan ni ó kù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fúnni ní físà kì í wo iye owó nìkan. Wọ́n ń wo ẹni tí ó ni àkáǹtì tí owó náà wà, àti iye ọjọ́ tí owó náà ti lò níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ro ohun méjì pọ̀: ìyókù owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú CAS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìgbaniwọlé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, àti owó àtijẹ-àtimu oṣù mẹ́sàn-án. Ti Lọ́ńdọ̀nù ga ju ti àwọn ìlú yòókù lọ, ìjọba sì máa ń yí i padà, nítorí náà orí gov.uk, ìkànnì ìjọba ìlú Ọba, ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí ó lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ bu díẹ̀ lé e, nítorí iye tí wọ́n bá ń ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn ní ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni wọn yóò lò.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àkáǹtì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ẹbí wa dúró. Nílé wa, àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni sì lè ta ilẹ̀ kí ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ níwèé. Òfin ìlú Ọba kò mọ irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn àgbà ilé, òbí tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ nìkan ni àkáǹtì rẹ̀ lè dúró fún akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà ìfọwọ́sí. Bí àbúrò bàbá bá ni onígbọ̀wọ́, kí ó san owó náà sínú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ gan-an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ọjọ́ 28 tí ó tẹ̀ léra ni owó náà gbọ́dọ̀ lò, kò sì gbọdọ̀ dín sí iye tí wọ́n béèrè ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ 31 tó pé lẹ́yìn tí ọjọ́ 28 náà parí. Òṣómàáàló Ìjẹ̀ṣà tí ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kò le tó àwọn tí ń fúnni ní físà: ẹni tí ó bá gbé ayédèrú ìwé báńkì lọ lè di ẹni tí wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlé fún ọdún 10.

Ẹbí tí owó rẹ̀ ń ti oko kòkó wá, ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà, ní láti ro àkókò dáadáa. Láti oṣù kẹwàá ni kòkó máa ń pọ̀ lọ́jà, sáà oṣù kẹsàn-án tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Ọba máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé sì ti kọjá nígbà náà. Owó tí ó bá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá lè pé ọjọ́ 28 nínú oṣù kọkànlá, èsì físà sì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí ó bá sáà oṣù kìn-ín-ní mu. Lójú tèmi, èyí sàn ju kí a yá owó èlé lọ.

Kí tọkọtaya jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tu owó jọ, nítorí láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tí ń lọ ka oyè kejì tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi bí ìjọba bá ń san owó rẹ̀. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tún wà, èyí tí ẹ ó lọ ṣe ní Èkó tàbí Àbújá. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í lò ju oṣù mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹ má sáré lọ ṣe é nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi.