Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó yín tẹ́ ẹ bá wá jẹun ní Bath

Wéítà ni mí ní Bath, ìlú omi gbígbóná yẹn ní Somerset tí gbogbo ayé ń wá wo ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù. Àwọn èèyàn wa ń wá dáadáa, láti London, láti Birmingham, àwọn òbí tó wá bá ọmọ wọn ṣe gíráduéṣọ̀n, àwọn tọkọtaya tó wá ṣe fàájì wíkẹ́ndì. Tí mo bá gbọ́ Yorùbá ní tébù kan báyìí, orí mi á wú. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ kóòtù wọn láti máa lọ lẹ máa gbọ́: "Kò sóúnjẹ ní Bath jàre, olè ni gbogbo wọn." Ó máa ń bí mi nínú, torí ojú mi ló ṣe bí wọ́n ṣe wọlé, bí wọ́n ṣe jókòó àti bí wọ́n ṣe sanwó. Oúnjẹ wà ńbí o. Aago tẹ́ ẹ fi wá àti bẹ́ ẹ ṣe wá ló ń jẹ owó yín. Mi ò ní kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ka ménù, àgbà ni yín, àwọn tó ń dùn mí nìkan ni màá sọ.

1. Jíjókòó síbi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn Roman Baths

Ẹsẹ̀ ti ń ro yín, ebi ti ń pa àwọn ọmọ, ẹni tó ń ta fayolíìnì níwájú Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú yẹn, ń ta á lọ, ẹ wá wọ ibi tí wọ́n ti lẹ fọ́tò oúnjẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Owó rẹ́ǹtì àdúgbò yẹn lẹ ń bá wọn san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Pub kan wà ní Queen Street tó ń jẹ́ The Raven, páì niṣẹ́ wọn, páì tó kún fún ẹran, wọ́n á fi pòtétò gígún àti gréfì sí i. Tó bá jẹ́ ẹja díndín àti chips lẹ fẹ́, The Scallop Shell wà ní Monmouth Place. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ lọ sí Green Park Station, ibùdókọ̀ àtijọ́ tí tréènì ò wọ̀ mọ́, àwọn àgbẹ̀ máa ń ta ọjà ńbẹ̀ látọdún 1997, ẹ máa rí búrẹ́dì, wàràkàṣì àti nǹkan gbígbóná tẹ́ ẹ lè jẹ lórí ìdúró.

Pump Room nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Roman Baths gan-an ló wà, ó sì wọ́n, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà: gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí igba ọdún ó lé, àwọn olórin tó ń lu dùùrù bẹ́ ẹ ṣe ń mu tíì, àti omi tó ń ru jáde látinú ilẹ̀ tẹ́ ẹ lè tọ́ wò. Omi yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ní adùn irin lẹ́nu. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

2. Sally Lunn kì í ṣe Bath bun

Oríṣi búrẹ́dì rírọ̀ (bun) ni méjèèjì. Sally Lunn tóbi, ó fúyẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ṣúgà. Bath bun kéré, ṣúgà wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì lọ jókòó sí ilé Sally Lunn, ìdajì bun ni wọ́n máa gbé wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ má bi wéítà pé ta ló jẹ ìdajì tó kù.

3. Afternoon tea kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán

Ẹ ò jẹun láàárọ̀ torí pé ẹ fẹ́ jẹun dáadáa ní Bath. Ẹ wá lọ sí hótẹ́ẹ̀lì ńlá kan, ẹ san £30 ó lé lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá gbé àwo onípele mẹ́ta wá. Kí ló wà ńbẹ̀? Sáńwíìsì tí wọ́n ti gé etí ẹ̀ kúrò, kùkúḿbà ló wà nínú ẹ̀, scone méjì, kírímù, jáàmù, àkàrà òyìnbó tí ò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀gbọ́n kan wo àwo yẹn, ó wò mí, ó ní "Ọmọ mi, ìgbà wo loúnjẹ ń bọ̀?" Mo ní "Sà, òun rèé." Ojú tó fi wò mí, ẹ ẹ́ rò pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Fàájì ni tíì yẹn, ẹ jẹ nǹkan kẹ́ ẹ tó wá, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀lẹ́ mu ún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ.

4. Búùkù tébù, ẹ wá wá ní aago yín

Ẹ jẹ́ n mí kanlẹ̀ ná.

Ẹ wo bí Bath ṣe rí. Ilé ayé àwọn Georgian, ìgbà tí àwọn ọba tó ń jẹ́ George ń jọba, ló pọ̀ jù níbẹ̀, òkúta aláwọ̀ oyin, ìjọba ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe wọ́n bó ṣe wù ú, UNESCO ti kọ odindi ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá ayé látọdún 1987. Rẹsitọ́rántì tẹ́ ẹ rí yẹn, pálọ̀ àwọn olówó ìgbà yẹn ni, tàbí àjàalẹ̀ tí wọ́n ń kó èédú sí lábẹ́ títì. Ẹ ò lè wó ògiri, ẹ ò lè fẹ ẹ́ sẹ́yìn. Tébù mẹ́wàá lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀. Torí náà aago lọ̀gá ń tà gan-an, kì í ṣe ẹran. Tébù kan, wákàtí kan ààbọ̀ tàbí méjì fún àwọn èèyàn yìí, kí àwọn mìíràn tún jókòó sí i. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń gba nọ́ńbà káàdì yín tẹ́ ẹ bá ń búùkù, ó sì wà ní kíkọ síbẹ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣàìdé tàbí tẹ́ ẹ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní tébù, kí wọ́n sì yọ owó lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kankan kì í kà á. Wọ́n á kàn tẹ "mo gbà".

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ìdílé kan búùkù èèyàn mẹ́fà fún aago méje alẹ́ Sátidé. Ọjọ́ ìbí màmá. Èmi ni mo rí orúkọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, mo sáré gba tébù yẹn mọ́ra, mo ní tèmi ni, ẹ má fi ẹlòmíràn sí i. Aago méje kọjá. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú ogún. Mánéjà ń wò mí. Mo ń sọ pé wọ́n ń bọ̀, mo mọ àwọn èèyàn mi. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ni wọ́n wọlé, ẹ̀rín, gèlè, òórùn pàfúùmù, mọ́kànlá! Mọ́kànlá tí wọ́n búùkù mẹ́fà. Ọ̀kan gbé kéèkì, ọ̀kan gbé kúlà. Mo bi í kí ló wà nínú kúlà, ó ní "ìrẹsì díẹ̀ ni, torí àwọn ọmọdé." Àwọn òyìnbó mẹ́rin ti jókòó sí tébù wọn, wọ́n ti ń jẹ ẹja. Àǹtí tó búùkù dì mọ́ mi, ó ní "Ọmọ mi, ìwọ náà ba wọn sọ̀rọ̀, ẹ so tébù méjì pọ̀." Tébù wo? Níbo? Mo ṣàlàyé títí ètè mi fi gbẹ. Bàbá kan ní kí mánéjà wá, ó fẹ́ bá a nájà lórí owó tí wọ́n ti yọ ní káàdì. Nájà! Mo lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ kọfí, mo ń nu kọ́ọ̀pù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó fọ́ àwo ìyá ẹ̀. Ibi tí màmá ti wá ge kéèkì rẹ̀ ni ilé adìyẹ díndín nítòsí ibùdó tréènì, mo gbọ́ pé wọ́n gbádùn ẹ̀, àmọ́ owó orí mẹ́fà ti lọ.

Ẹ gbọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá pé mọ́kànlá, ẹ sọ pé ẹ pé mọ́kànlá látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń búùkù. Tẹ́ ẹ bá máa pẹ́, ẹ pè, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ ti ń fi ṣe fídíò nínú tréènì látẹ̀ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kéèkì wá, ẹ bèèrè, ibòmíràn máa gbà á, ibòmíràn máa gba owó díẹ̀ lórí ẹ̀. Kúlà ni kẹ́ ẹ fi sílé.

Nọ́ńbà wo la wà báyìí? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Àṣìṣe mìíràn ni wíwá lálẹ́ Sátidé nígbà tí ẹ lè wá lọ́sàn-án Wẹ́sídè. Chef kan náà, kíṣìnì kan náà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tó dáa ló ní ménù ọ̀sán tí owó ẹ̀ ti wà nílẹ̀, oúnjẹ onípele méjì tàbí mẹ́ta, tó dín gan-an sí ohun tẹ́ ẹ máa san lálẹ́. Àwọn tó ń fi owó ṣọ́ra mọ èyí, àwọn òyìnbó arúgbó ló máa ń kún ibẹ̀.

Títí tí Christmas market bá fi parí, láti òpin Nofẹ́ńbà wọ Disẹ́ńbà, ẹ má wá jẹun láìbúùkù. Àní ẹ má wá.

Ẹ má sì dé ní aago mẹ́rin ọ̀sán kẹ́ ẹ máa retí oúnjẹ gidi. Ọ̀pọ̀ kíṣìnì ló máa ń ti láàárín aago mẹ́ta sí aago márùn-ún ààbọ̀, ìgbà yẹn làwa náà ń jẹun. Ọjọ́ Sọ́ńdè tún yàtọ̀: roast ni ọ̀pọ̀ pub ń sè, ẹran yíyan, pòtétò, Yorkshire pudding, gréfì, tó bá sì ti tán ó ti tán, wọn ò tún gbé òmíràn kaná. Ẹ wá ní aago kan.

Owó sẹ́fíìsì: bíìlì £120, tí wọ́n bá fi 12.5% sí i, £15 ti wà lórí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá tún fi £20 sábẹ́ àwo torí pé ọmọ Yorùbá ni mí. Mo dúpẹ́ o, mi ò ní purọ́, mo máa ń gbà á. Àmọ́ ẹ wo bíìlì kẹ́ ẹ tó san. Tí iṣẹ́ wa ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kì í ṣe dandan. Láti October 2024 sì ni òfin ti ní kí ọ̀gá kó gbogbo rẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́, torí náà kì í ṣe ọ̀gá lẹ ń fún.

Omi nìyí o, ní ìlú omi, ẹ wá ń ra omi inú ìgò! Ibikíbi tó ní láísẹ́ǹsì ọtí ní England gbọ́dọ̀ fún yín ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè. Ẹ kàn sọ pé "tap water". Kò sẹ́ni tó máa fojú òtòṣì wò yín, àwọn tó wọ bàtà olówó ńlá gan-an ló ń bèèrè rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, Bath chaps tẹ́ ẹ bá rí lórí ménù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Black pudding, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ bi wá, a ò ní bínú.

Ẹni tó gbé mọ́tò wá: Park and Ride, ìyẹn kẹ́ ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì wọlé, ní Lansdown, Newbridge tàbí Odd Down. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kù ni ti ata. Wọ́n á ní kí n lọ sọ fún chef kó fi ata sí risotto, ìrẹsì àwọn ará Ítálì. Ata wo? Ata gígún inú ìgò kékeré ló ní, ó sì máa fi sí i pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jẹ oúnjẹ yẹn bí wọ́n ṣe sè é, tí ò bá ṣeé jẹ, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ tán, torí tí àwo bá ti mọ́ ẹ ò lè rojọ́. Tó bá sì jẹ́ pé àmàlà ni ọkàn yín ń fẹ́ látòwúrọ̀, ẹ má fi Bath da ara yín láàmú, ẹ má sì bi mí níbi tó wà. Tréènì Bristol Temple Meads ò ju bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ, ẹ mú ọ̀nà Stapleton Road, ẹ jẹun yó, kẹ́ ẹ wá padà wá mu tíì lọ́dọ̀ wa.