Sẹ́ńsọ̀ ń pariwo lásán, bẹ́rìn sì jóná níṣojú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà, oúnjẹ adìẹ là ń lọ̀. A lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìlọ̀ àgbàdo wa, AI sì ń ṣọ́ ìgbọ̀nrìrì àti ooru rẹ̀. Bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀ báyìí, ìkìlọ̀ á máa rọ́ wọ fóònù mi. Ó sú mi, mo pa á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bẹ́rìn, ohun tí ọ̀pá mọ́tọ̀ ń yí nínú rẹ̀, jóná. Ṣé irọ́ ni AI yìí ń pa ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù. Kò purọ́, ohun tí ẹ fi hàn án nìkan ló mọ̀. Orí iná Nẹ́pà ló ti kọ́ bí ara mọ́tọ̀ yín ṣe ń rí tó bá le, àbí? Iná yẹn, 50 Hz ni, ìyẹn ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Mọ́tọ̀ onípóòlù mẹ́rin (ojú òòfà mẹ́rin nínú rẹ̀) á máa yí bí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹrù bá wọ jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn, ó lè rọlẹ̀ sí 48, eré mọ́tọ̀ á dínkù, AI á ní àìsàn dé. Ẹ jẹ́ kó mọ iná tó wà lórí ẹ̀rọ, kó sì kọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àgbàdo nínú ẹ̀rọ àti láìsí.

Ìbéèrè: Bẹ́rìn tó ń kú ńkọ́, kí ló dé tí AI kò rí i? Orí ìdérí fáànù ni sẹ́ńsọ̀ wà.

Ìdáhùn: Há à! Páànù fẹ́lẹ́ yẹn ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Ilé bẹ́rìn gan-an ni kí ẹ gbé e sí: ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ wá fi súkúrú dè é pinpin. Òòfà lórí ọ̀dà tó nípọn kò tó.

Ẹ wo iye ìgbà tó ń kà pẹ̀lú. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kò lè rí ìgbọ̀nrìrì tó ju 50 lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ariwo bẹ́rìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́ máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ooru ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kó tó dé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin, ìdí súkúrú-dẹ́réfà ló ń fi sétí, ẹnu súkúrú-dẹ́réfà náà á wà lára ilé bẹ́rìn. Bó bá gbọ́ ohun tó dà bí iyanrìn nínú agolo, á ní kí wọ́n paná.

Ìbéèrè: Bí Nẹ́pà bá mú iná, Wi-Fi náà á lọ.

Ìdáhùn: Ẹ gbé bátìrì kékeré sí i. Kí sẹ́ńsọ̀ sì tọ́jú ohun tó kà sínú ara rẹ̀ títí nẹ́tíwọ́kì á fi dé. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ bá gbé e sí ránṣẹ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.